Owó Ilé Tí Kò Di Ilé

Ní 1961, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clyde Ross ra ilé ní àdúgbò North Lawndale, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Dọ́là 27,500 ni wọ́n tà á fún un. Ẹni tó tà á fún un ò tíì ní ilé náà ju oṣù 6 lọ, dọ́là 12,000 lòun sì fi rà á. Láàárín oṣù 6 péré, owó ilé ti ju ìlọ́po méjì lọ.

Oṣù 3 lẹ́yìn tí Ross kó wọlé, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná bàjẹ́. Òun ni yóò tún un ṣe. Owó orí ilé, òun ni. Inṣọ́ránsì, òun náà ni. Lójú aládùúgbò, onílé ni Ross. Ṣùgbọ́n ìwé ilé ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Àdéhùn tó fọwọ́ sí sọ pé yóò máa san owó lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé ìwé ilé yóò wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á títí owó yóò fi pé, àti pé tí owó oṣù kan ṣoṣo bá yẹ̀, ẹni náà lè gba ilé padà láì dá kọ́bọ̀ kan padà nínú ohun tí Ross ti san.

Rírà lórí “contract” ni wọ́n ń pe irú nǹkan yìí ní Chicago nígbà yẹn. Ọmọ ìyá ẹ̀ ni ohun tí à ń pè ní rent-to-own lónìí: ẹ wọ ilé bí ayálégbé, ẹ ń san owó díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ní ilé á di tiyín lọ́jọ́ kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo irú àdéhùn báyìí: owó tí mo ti san, ta ló ni ín tí mi ò bá rí ìyókù san? Ìtàn bí àwọn èèyàn Chicago ṣe jà kí òfin tó dáhùn ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí pé àwa náà ò ní pẹ́ bi ara wa.

Ẹ wo ibi tí nǹkan ti lè bàjẹ́

Iṣẹ́ kóòdù kíkọ ni mò ń ṣe jẹun. Nínú iṣẹ́ wa, tí a bá ń yẹ kóòdù ẹlòmíràn wò, apá “else” la máa ń fojú sí dáadáa: tí nǹkan ò bá lọ bí a ṣe rò, kí ni ètò yìí máa ṣe? Ẹ jẹ́ ká ka àdéhùn Chicago bẹ́ẹ̀.

Tí olùrà bá san gbogbo owó láì yẹ oṣù kan, ilé di tiẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á, owó náà sì dúró sọ́dọ̀ ẹ̀. Ó tán. Kò sí àárín. Ẹni tó san oṣù 2 àti ẹni tó san ọdún 14, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì máa já sí tí wọ́n bá kọsẹ̀: ìta gbangba. Ẹni tó kọ àdéhùn náà kì í ṣe òmùgọ̀. Apá kejì yẹn gan-an ló lérè jù fún un, torí tó bá lé ìdílé kan jáde, á ta ilé kan náà fún ìdílé mìíràn, á sì tún gba àsansílẹ̀ tuntun.

Ẹ kíyè sí i pé ìyà onílé àti ìyà ayálégbé ni wọ́n dì pọ̀ sórí ẹnì kan. Tí òrùlé bá ń jò, onílé ni ẹ́, tún un ṣe. Tí owó bá yẹ̀, ayálégbé ni ẹ́, jáde. Ẹni tó yá owó báǹkì ra ilé ní ìlú kan náà, tí kò bá rí owó san, báǹkì gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí kóòtù, kí wọ́n ta ilé, kí wọ́n yọ gbèsè, tí ohunkóhun bá sì ṣẹ́ kù, tiẹ̀ ni. Ẹni tó rà lórí contract kò ní ìyẹn. Kóòtù tí wọ́n fi ń yára lé ayálégbé ni wọ́n ń gbé e lọ.

Ohun kan wà nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́ tó jọ èyí. Ìwọ̀fà máa ń ṣiṣẹ́ fún olówó ẹ̀, ṣùgbọ́n èlé owó ni iṣẹ́ yẹn dúró fún. Ojú owó wà níbẹ̀ digbí. Kó ṣiṣẹ́ ọdún 10, gbèsè ò dín. Ẹni tó ń rà lórí contract ní Chicago ń san, ó ń san, ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ ìkẹyìn, kò sí bíríkì kan tó lè nawọ́ sí pé “èyí ti di tèmi.”

Kí ló dé tí wọ́n fọwọ́ sí i?

Ó rọrùn láti jókòó síbi lónìí ká ní wọn ò lajú. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Clarksdale ní Mississippi ni Ross ti wá sí Chicago ní 1947. Nígbà yẹn, àìmọye aláwọ̀ dúdú ló ń sá kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àwọn ìlú ńlá àríwá. Wọ́n ríṣẹ́, wọ́n lówó lọ́wọ́ díẹ̀, wọ́n fẹ́ kọ́lé tàbí kí wọ́n rà á. Báǹkì ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ìjọba sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1933, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀, HOLC, láti ran àwọn onílé lọ́wọ́ lásìkò tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Àjọ yìí ya máàpù àwọn ìlú, ó fi àwọ̀ kùn wọ́n: àwọ̀ ewé fún àdúgbò tó dára jù lójú wọn, pupa fún èyí tí wọ́n ní ó léwu. Àdúgbò tí aláwọ̀ dúdú bá wà, pupa ló sábà máa ń gbà. Ní 1934, wọ́n dá FHA sílẹ̀, àjọ tó ń ṣe onídùúró fún owó tí báǹkì ń yá àwọn tó fẹ́ ra ilé. FHA kì í dúró fún àdúgbò aláwọ̀ dúdú. Báǹkì wo ló máa yá èèyàn lówó ní ibi tí ìjọba fúnra ẹ̀ ti sá fún?

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ àdúgbò funfun ló kọ ọ́ sínú ìwé ilé wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà á fún aláwọ̀ dúdú. Ní 1948 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé kóòtù ò lè bá wọn fipá mú irú àdéhùn yẹn ṣẹ mọ́. Ìdájọ́ yẹn ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí èèyàn máa fi gba ẹnu ọ̀nà kọjá ò sí. Ross gbìyànjú láti yá owó ra ilé bí àwọn tó kù ṣe ń yá a. Wọ́n ní kò sí owó.

Ibi tí báǹkì ò sí yìí ni àwọn oníṣòwò ilé bọ́ sí. Wọ́n á lọ bá àwọn aláwọ̀ funfun ní àdúgbò: “Àwọn dúdú ti ń bọ̀ o, ẹ yáa tà kí iye ilé yín tó já.” Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á tà á ní pọ́ọ́kú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, oníṣòwò á gbé ilé kan náà fún aláwọ̀ dúdú ní iye gegere, lórí contract. Ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn: ìbẹ̀rù ti ẹgbẹ́ kan àti àìrílégbé ti ẹgbẹ́ kejì, owó ni méjèèjì jẹ́ fún ẹni tó wà láàárín.

Ìwádìí kan jáde láti Yunifásítì Duke ní 2019 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ṣírò pé láàárín àwọn ọdún 1950 sí 1970, ilé 75 sí 95 nínú 100 tí wọ́n tà fún ìdílé aláwọ̀ dúdú ní Chicago, orí contract ni wọ́n tà á. Iye tí wọ́n fi lé owó ilé jẹ́ ìdá 84 nínú 100, tí a bá pín in dọ́gba. Owó tó sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìdílé yìí tó bílíọ̀nù 3 sí 4 dọ́là ní iye owó òde òní. Owó ilé-ìwé ọmọ ni ìyẹn, owó ìṣòwò ni, ogún ni.

Nígbà tí wọ́n mọ ara wọn

Lọ́yà kan wà ní Chicago tó ń jẹ́ Mark Satter. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ló ti ń bá àwọn tó rà lórí contract ṣẹjọ́. Ó kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn, ó sọ ọ́ ní gbangba, ó pariwo títí. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá gbé. Tó bá rí ìdílé kan yọ, ìdílé 10 mìíràn ti fọwọ́ sí ìwé. Ó kú ní 1965. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, Beryl Satter, ló wá kọ ìtàn yìí sínú ìwé kan tó jáde ní 2009, *Family Properties*.

Ní 1966, Martin Luther King kó wá sí ilé kan ní North Lawndale, kí ayé lè rí bí aláwọ̀ dúdú ṣe ń gbé ní àríwá. Lẹ́yìn tó lọ, ọ̀rọ̀ contract ṣì wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1968, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, Jack Macnamara, ń gbé àdúgbò yẹn pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan. Wọ́n ń bi àwọn èèyàn pé kí ni ìṣòro yín. Ẹnu ò kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ contract. Ìtìjú ni. Oníkálukú rò pé òun nìkan ni wọ́n rẹ́ jẹ, ta ló sì fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀ pé ilé tí òun ń pè ní tòun kì í ṣe tòun?

Ohun tó tú u fó ni ìwé àkọsílẹ̀. Macnamara àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ ń tú ìwé ilé wò, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn: ta ló ní ilé yìí tẹ́lẹ̀, èló ló rà á, ọjọ́ wo ló tún un tà, èló? Kò rọrùn, torí òfin Illinois gba àwọn oníṣòwò láyè láti fi orúkọ wọn pa mọ́ sẹ́yìn báǹkì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n to iye náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àpẹẹrẹ kan náà ló ń jáde nílé dé ilé. Obìnrin kan, Ruth Wells, lọ kojú ẹni tó tà ilé fún un, ó ní kó wá ṣàlàyé iye náà. Ó wá sọ ọ́ nípàdé, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe jókòó, ẹlòmíràn dìde: “Èmi náà.” Ẹlòmíràn tún dìde.

Àwọn àgbà ní àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹgbẹ́ Contract Buyers League bẹ̀rẹ̀ báyẹn, Clyde Ross sì wà lára àwọn aṣáájú ẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ju 500 lọ. Wọ́n ní kí àwọn oníṣòwò jókòó, kí wọ́n tún àdéhùn náà kọ ní iye tó bójú mu. Àwọn yẹn kọ̀. Ní oṣù Kejìlá 1968, ẹgbẹ́ náà ní ó tó: a ò san mọ́. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò. Àdéhùn tó ní tí o bá yẹ oṣù kan, gbogbo ẹ̀ lọ, ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yẹ̀ o. Ohun tí wọ́n fi dógò ni gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé.

Àwọn agbófinró wá, wọ́n ń kó ẹrù síta. Àwọn aládùúgbò ń kó o padà wọlé. Ní 1970, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Illinois dá ẹjọ́ kan tó ń jẹ́ Rosewood Corporation v. Fisher. Ó ní tí wọ́n bá gbé ẹni tó rà lórí contract wá sí kóòtù láti lé e jáde, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé àdéhùn náà fúnra ẹ̀ ò dára, kóòtù sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kóòtù ń béèrè: ṣé o san àbí o ò san?

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé rí àdéhùn wọn tún kọ, ìwé ilé sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ńlá tí wọ́n pè ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, pé kí wọ́n dá owó tí wọ́n rẹ́ wọn jẹ padà, kò bọ́ sí i. Ní 1976, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ dá àwọn oníṣòwò láre. Owó yẹn ò padà.

Òfin dé, ó pẹ́ kó tó dé

Lẹ́yìn ìjà yìí, àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àárín tí kò sí nínú àdéhùn. Ní Illinois, fún àdéhùn ilé gbígbé tí wọ́n ṣe láti oṣù Keje 1987, tí ìsanwó ẹ̀ ju ọdún 5 lọ, tí gbèsè tó kù bá ti wálẹ̀ ju ìdá 80 nínú 100 iye ilé lọ, ẹni tó tà á ò lè lo kóòtù ayálégbé mọ́. Ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tí báǹkì ń gbà. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ti san ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ ti ní nǹkan tí òfin rí. Ní Texas, ẹnubodè Mexico ni ìyà náà pọ̀ sí, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí omi, láìsí iná. Òfin dé ibẹ̀ ní 1995. Lónìí, ẹni tó bá ti san ìdá 40 nínú 100 tàbí oṣù 48, wọn ò lè ṣàdédé gba ilé lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé bọ́ sọ́wọ́ báǹkì lẹ́yìn 2008, àwọn onídókòwò rà wọ́n lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì tún gbé contract àti rent-to-own jáde fún àwọn tí báǹkì ò dá lóhùn. Illinois tún kọ òfin mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2018. Ó fún ẹni tí owó ẹ̀ yẹ̀ ní ọjọ́ 90 láti tún un ṣe, ó sì ní kí wọ́n fi àdéhùn náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ẹnì kan ti ń ra ilé yìí. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fi oṣù wá kiri ní 1968, òfin ti ní kó wà ní gbangba.

Àwa ńkọ́?

Ètò yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé, gbé rent-to-own jáde: kí èèyàn fi ìdá 5 nínú 100 sílẹ̀, kó wọlé, kó san ìyókù láàárín ọdún 10. Àwọn aládàáni náà ń polówó tiwọn. Ó sì yé mi ìdí tí ó fi dùn-ún gbọ́. Ẹni tó ń san owó ilé ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà fún lánlọ́ọ̀dù, tí kò sì sí ohun tó ń di tiẹ̀ nínú ẹ̀, tí wọ́n bá ní owó kan náà lè di ilé, á tẹ́tí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú òfin wa. Òfin hire purchase ti wà ní Nàìjíríà láti 1965. Òfin yẹn ní tí èèyàn bá gba mọ́tò ní hire purchase, tó sì ti san ìdá 3 nínú ìdá 5 owó ẹ̀, ẹni tó ni mọ́tò ò lè wá gbé e lójú títì mọ́. Àfi kó lọ sí kóòtù. Fún ẹrù mìíràn, ìdajì ni. Ohun tí wọ́n jà fún ní Chicago nìyẹn, ó sì ti wà nínú ìwé wa tipẹ́. Àmọ́ ẹrù nìkan ni òfin yẹn wà fún. Kò kan ilé, kò kan ilẹ̀. Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 ní tirẹ̀ sọ pé kí ẹni tó ń san owó ọdọọdún gba nótíìsì oṣù 6 tí kò bá sí àdéhùn mìíràn, àti pé kóòtù ló lè lé èèyàn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nótíìsì oṣù 6 ń dáàbò bo ibi tí o ń sùn ni. Kò sọ nǹkan kan nípa ọdún 7 tí o ti fi ń ra ilé náà. Ó wá jọ pé onímọ́tò tó san ju ìdajì lọ ní òfin kan tó lè gbé dání, ẹni tó ń ra ilé sì wà lábẹ́ ohun tí lọ́yà onílé bá kọ.

Àwọn kan máa ní tí òfin bá le jù, àwọn onílé ò ní ta ilé díẹ̀díẹ̀ mọ́, tálákà ni yóò sì pàdánù. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó tà ilé náà ní ọmọ tó ń bọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gbé ilé ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo alájọ inú ọjà. Tí o bá dá ajọ́ ọjọ́ 12, tí o wá ní o ò lè dá a mọ́, owó ọjọ́ kan ló máa yọ fún wàhálà ẹ̀; ìyókù, á kó o fún ẹ. Ìyẹn ò pa iṣẹ́ alájọ run, òun gan-an ló jẹ́ kí èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé e. Kí onílé yọ owó ibùgbé àti ìnáwó ẹ̀, kó dá ìyókù padà: kò sí onílé gidi tí ìyẹn máa lé lọ. Ẹni tó máa lé lọ ni ẹni tó ń dúró de kí o kọsẹ̀.

Títí ìgbà tí irú òfin bẹ́ẹ̀ máa dé, tí ejẹ́ǹtì bá gbé àdéhùn rent-to-own síwájú yín, ẹ má kọ́kọ́ wo iye tí ẹ máa san lóṣù. Ẹ wá ojú ìwé tó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí iṣẹ́ bá bọ́ ní ọdún kẹjọ. Ẹ bi wọ́n pé èló nínú owó yín ló máa padà, ọjọ́ mélòó ni wọ́n á fún yín, ibo ni wọ́n máa fi orúkọ yín sí kí onílé má baà ta ilé mọ́ yín lórí. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà tiyín, kì í ṣe tiwọn, kà á. Tí ojú ìwé yẹn ò bá sí, tàbí tí ejẹ́ǹtì bá ní “ẹ má ṣèyọnu, kò lè débẹ̀,” ẹ rántí pé àwọn ará North Lawndale náà ò rò pé ó lè débẹ̀.